Ládáànì Lámídì Nínú Igbó Gbéniṣánlẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin èrò ọ̀nà, mo kí yín kú ìjókòó o! Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tí yóò bá wúkọ́ kó tètè wú u, nítorí ìtàn àràmàǹdà tí mo gbé dání yìí, bí ẹ bá gbọ́ ọ tí ẹ̀rín kò pa yín, ẹ wá bínú sí mi.

Lámídì ni ládáànì ìlú Agbéniyì, ọlọ́hùn iyọ̀, ajíni-lójú-oorun, ẹni tó jẹ́ pé bó bá pe ìrun Àsùbáà, àwọn ọ̀lẹ pàápàá á fò dìde. Ṣùgbọ́n àìsàn burúkú kan wọ̀ ọ́ lára, ó ń jẹ okun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rù hangogo. Wọ́n ní ìyá arúgbó kan tó mọ egbòogi rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn Igbó Gbéniṣánlẹ̀, àmọ́ iwin tó ni igbó náà kì í jẹ́ kí aláìsàn kọjá. Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ pọn omi àlùwàlá sí bùtà fún un, ó ń sunkún, ó ní, "Bàbá Múínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá bá wa." Lámídì ní, "Ọlọ́run tó ń gbọ́ mi ní mọ́ṣáláṣí á gbọ́ mi nínú igbó." Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó lọ.

Yéè! Kò tíì dé àárín igbó tí Gbéniṣánlẹ̀, iwin tó ni igbó náà, fi yọ sí i, olórí bí àgbá, irun imú rẹ̀ ń gbálẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ó bú ramúramù, ó ní, "Ọmọ ènìyàn, mo búra fún ọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí o ṣì ń kí Ọlọ́run rẹ, wàá dé ọ̀dọ̀ arúgbó náà láyọ̀. Bí o kò bá lè kí i mọ́, tèmi ni ọ́ títí ayé." Lámídì ní, "Mo gbà, bàbá."

Nígbà tí Àìlá tó, iwin fẹ́ atẹ́gùn sí i lórúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì kú. Lámídì kírun lórí ìjókòó. Ó fẹ́ ẹ sí i lẹ́yìn, ọkùnrin náà ṣubú gbalaja, omi bùtà dànù. Lámídì fi erùpẹ̀ ṣe àlùwàlá, ó kí Alásárì lórí ìdùbúlẹ̀. Inú wá bí iwin gidi, ó gba ọwọ́, ó gba ọrùn, ó gba ohùn dídùn náà pẹ̀lú. Ẹ̀rù ba Lámídì, omijé ń ṣàn wọ̀ ọ́ létí, ó rántí Múínà ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe wọ̀, ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpéǹpéjú kí Màgàríbì.

Iwin ní, "Àbí èmi lò ń ṣẹ́jú sí?"

Ìfọ̀kànbalẹ̀ kan ṣáà bo Lámídì, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbéniṣánlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ìrun náà ti ń jáde, ó yẹ abẹ́ abíyá rẹ̀ wò, ó tú fìlà rẹ̀, ó yọjú sí i nínú etí, kò rí nǹkan kan. Ibi tó ti ń wá a kiri ni ilẹ̀ ti ṣú mọ́ ọn lórí. Họ́wù! Ó ti búra, ẹsẹ̀ Lámídì kò sì lè gbé e. Ni iwin tó ń gbé gbogbo ayé ṣánlẹ̀ bá gbé aláìsàn kọ́ èjìká, ó ń kùn bí ìyàwó tí wọ́n rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà arúgbó.

Ìyá náà gbé àgbo kíkorò kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà rẹ ló dá ewé yìí. Mu ún, má fajú ro." Lámídì mu ún títí. Ọwọ́ padà, ọrùn padà, ohùn padà, ẹsẹ̀ kan padà, èkejì kò padà. Ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìyá náà wọ ìlú ní ìdájí, kò sì yà sílé kó tó pe Àsùbáà. Sàfúrátù gbọ́ ohùn náà, ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó ń sáré, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín pa pọ̀.

Orí àga ni Lámídì ti ń kírun títí dòní, inú rẹ̀ sì ń dùn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ara ń ni, ẹ lo oògùn yín, ẹ má sì jẹ́ kí àìsàn tàn yín pé ó ti gba gbogbo rẹ̀. Bó bá ku ìpéǹpéjú nìkan, ẹ fi í kí Ọlọ́run yín. Ara yín á le o.