Alákàn Odò Tó Dé Etí Òkun

"Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"
Ààlọ́ mi sọ gbì, ó balẹ̀ sétí òkun, ó bá Alákàn odò níbẹ̀. Ọ̀dá ló lé e kúrò nílé, tòun tọmọ rẹ̀ mẹ́ta.

Bó ṣe dé ni òkun ń fà sẹ́yìn. Ó ní, "Yéè! Èyí náà tún ń gbẹ." Ó kó ọmọ tẹ̀ lé omi, ó gbẹ́ ihò. Omi tún fà, ó gbẹ́ òmíràn. Omi tún fà, ó gbẹ́ ẹ̀kẹta, ó kó àwọn ọmọ sí i.

Lékèélékèé ké sí i: "Ìyá, kó wọn kúrò! Òṣùpá ti kún. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá."

Ó ní, "Níbi tí mo ti wá, omi tó lọ kì í bọ̀ àfi bójò bá rọ̀." Ló bá wá oúnjẹ lọ.

Ẹ bá mi gbè é:
Omi lọ, omi ń bọ̀,
*Ìyá, gbé mi o!*
Òṣùpá ló rán an níṣẹ́,
*Ìyá, gbé mi o!*

Kó tó padà, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dòkun.

Òṣùpá ọjọ́ náà ló ń tàn sí wa lórí yìí. Bí òkun bá fà lọ́la, ẹ ó rí Alákàn tí ń gbẹ́ ihò kiri. Ẹ má rò pé ilé ló ń kọ́. Ọmọ ló ń wá.