Igbá Ọrùn Mádàmí

Àwẹ̀ró, opó Ògúndìran, kò níṣẹ́ méjì ju igbá rírán lọ ní abà Ìdí-Èèsún. Igbá tó bá fọ́ sí méjì, yóò fi òòlu lu ojú ibi tó ti ya, yóò fi ìko rán an mọ́ra, omi kò sì ní jò níbẹ̀ mọ́. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá igbá náà yóò tọ́jọ́, èsì kan náà ló ń fún un: "Igbá tí èmi Àwẹ̀ró bá ti rán, ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ fi bu omi mu."

Kò bímọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí pín oko, wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ewúrẹ́. Ajá nìkan ni wọn kò pín, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Àwẹ̀ró mú un, ó sì sọ ọ́ ní Mádàmí. Gbogbo agbo ilé ló mọ àwọn tí orúkọ náà ń bá wí; bó bá ti ké "Mádàmí o!" lójúde, àwọn kan a wọlé. Òun àti ajá rẹ̀ jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń jáde, wọ́n sì jọ ń lọ sí etí odò níbi tó gbin igbá sí.

Níbẹ̀ ni ìmàdò kan ti yọ sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń já igbá lára ìtàkùn, kò mọ̀ pé ẹran ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Mádàmí ló fò sí àárín wọn. Kí Àwẹ̀ró tó ráyè nàró, ìmàdò ti fi eyín la ajá náà níkùn, ó sì ti sá wọgbó lọ. Ìfun ń yọjú.

"Yéè! Ó pa á fún mi o!"

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ikùn ajá náà pinpin, ó gbé e mọ́ àyà, ó di ilé Bàbá Abẹ́gúndé olóòlà. Bàbá yìí ló ń kọlà fún gbogbo ọmọ abà, òun náà ló ń la eéwo, tó sì ń yọ ọfà lára ẹni tí ọfà bá ṣèèṣì bà. Ó wo ohun tí Àwẹ̀ró gbé wá.

"Àwẹ̀ró, abẹ tí mo fi ń kọlà fún ọmọ ènìyàn lo fẹ́ kí n fi kan ajá?"

"Bàbá, ẹ dákun. Ikùn tèmi ni ìmàdò ìbá là. Òun ló gbà á fún mi."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n dì í lẹ́nu, kí wọ́n dì í lẹ́sẹ̀. Ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ìfun náà, ó gé ẹran tó ti bàjẹ́ kúrò, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Nígbà tó kan rírán, Àwẹ̀ró ló fi í lé lọ́wọ́, torí pé kò sí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ í lò tó o. Ojú ọgbẹ́ náà sì pa dé. Bó ti já òwú tán, ó fẹ́ gbé ajá rẹ̀ lọ sílé, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí.

"Ó parí bí i ti báwo?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Igbá kì í yún, Àwẹ̀ró. Ara ló ń yún. Bí ibi tí o rán yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ẹnu ni yóò fi tú u."

Ó mú igbá ńlá kan, ó dá ihò sí ìdí rẹ̀, ó ki orí ajá bọ̀ ọ́, ó sì fi okùn so ó mọ́ ọn lọ́rùn, tí ẹnu igbá kọ iwájú. Ajá náà kò lè rí ikùn ara rẹ̀ mọ́, áḿbèlètàsé kó lá a.

"Èmi ni mo dè é, èmi náà ni n ó tú u. Máa gbé oúnjẹ àti omi dé ẹnu rẹ̀ nínú igbá. Bó ti wù kó ké tó, má fọwọ́ kan okùn yìí."

Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún ajá lóòótọ́. Mádàmí ń fi igbá gbá ògiri, ó ń há sẹ́nu ọ̀nà, ó ń hu. Àwọn ará ilé ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ wo ajá tó dé fìlà! Ẹ kú ìnáwó o!" Ẹ̀fẹ̀ yẹn kò dun Àwẹ̀ró. Ohun tó ń dùn ún ni bí ajá náà ṣe ń wá gbé igbá lé e nítan, tí yóò máa wò ó lójú bí ẹni tó ń béèrè ohun tí òun ṣe.

Ìyá Ìgè, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kó sinmi. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Àánú ajá náà ń ṣe é dénú ni.

"Ìyàwó, ìkà lò ń ṣe yìí. Ta ló ń rán ajá inú igbó? Itọ́ ajá ni oògùn ajá. Tú ẹranko ẹlẹ́ranko sílẹ̀!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mádàmí ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwẹ̀ró kò lè fara dà á mọ́. Ó ní kó ṣáà rí omi lá bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbé àwo omi síwájú rẹ̀, ó tú okùn, ó yọ igbá. Ajá náà gbọn orí, ó lá a lọ́wọ́. Ìyẹn ló wá mú un bú sẹ́kún. Ó fi etí aṣọ bojú, ó ń sun ún, ó ń rántí ọkọ rẹ̀, ó ń rántí etí odò. Ó ń gbọ́ tí ahọ́n ń lá nǹkan ṣàpà-ṣàpà, inú rẹ̀ sì dùn láàárín ẹkún náà pé ajá òun ń mu omi.

"Máa mu, ọmọ mi. Máa mu."

Nígbà tó ṣíjú, omi inú àwo kún bó ti wà. Òwú ló wà lẹ́nu ajá. Ọgbẹ́ ti ya sílẹ̀.

Wọ́n sáré pe Bàbá Abẹ́gúndé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ọgbẹ́, ó wo igbá nílẹ̀.

"Ta ló tú u?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Níbo lo wà nígbà tó ń já òwú?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbí náà ni. Mò ń sunkún ni."

"Ẹkún ló wá yọ ojú rẹ lọ?" Inú ń bí Bàbá gidigidi. "Ẹran ibẹ̀ ti fà ya. Bó bá tún tú, kò sí ibi tí òwú yóò dì mú mọ́. Má wulẹ̀ pè mí. Ilẹ̀ ni kí o gbẹ́."

Àwẹ̀ró tún un rán. Wọ́n so igbá padà.

Ìgbà yìí gan-an ni ìyà ajá náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbẹ́ tí a rán lẹ́ẹ̀mejì, yíyún rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwẹ̀ró gbé iṣẹ́ tì. Ó jókòó ti Mádàmí, ó di etí igbá mú, bí ajá sì ti ń ké ni òun náà ń ké. Omijé ń kán sínú igbá. Kò nù ún, nítorí ọwọ́ tí ì bá fi nù ún ló fi di igbá mú.

Ìyá Ìgè gbọ́ igbe àwọn méjèèjì láti yàrá rẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó rọra wọlé. Ó rí ìyàwó tó dorí kodò, tí èjìká rẹ̀ ń mì, ó sì rò ó pé ẹni tó ń sunkún báyìí kò lè mọ ohun tó ń lọ. Ó yọ́ gba ẹ̀yìn ajá, ó na ọwọ́ sí kókó okùn.

Àwẹ̀ró kò gbórí sókè, ẹkún náà kò sì dá.

"Ìyá Ìgè, ẹ mú ọwọ́ yín kúrò lára okùn yẹn."

Obìnrin náà ta gìrì. "Hàà! Ìyàwó, ṣebí ẹkún lò ń sun?"

"Ẹkún náà ni mò ń sun, Ìyá. N ó sì sun ún tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n mò ń rí yín."

Ìyá Ìgè fa ọwọ́ padà. Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún tirẹ̀, wọ́n sì jọ ṣọ́ ajá náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọgbẹ́ náà jinná níkẹyìn. Bàbá Abẹ́gúndé fọwọ́ ara rẹ̀ tú igbá, Mádàmí sì lá àpá ikùn rẹ̀ títí ó fi sú u. Ìyá Ìgè fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà káàkiri, kò sì fi ipa tirẹ̀ pamọ́. Láti ẹnu rẹ̀ ló ti di ohun tí à ń sọ fún ẹni tí ọ̀ràn bá dùn títí tí kò wo iwájú rẹ̀ mọ́, òun náà sì ni àwọn àgbà fi ń pòwe dòní pé: bí a bá ń sunkún, à máa ríran.