Àpótí Tí Fìyìn Pa Rẹ́

Tinúadé ni orúkọ mi. Èmi ni akọ̀wé Ìjọ Àgbàlá Ìrètí, tó wà lẹ́sẹ̀ òkè kan nílẹ̀ Èkìtì, ọdún kẹtàdínlógún sì rèé tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì yẹn. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òwe tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ti wà láyé kí wọ́n tó bí mi, ẹ jẹ́ kó máa wí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló mọ bí òwe ṣe wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bó ṣe wọ ilé tiwa ni mo mọ̀, torí ó ṣojú mi, ọwọ́ mi ò sì mọ́ nínú ẹ̀.

Oṣù Keje ni, òjò ń rọ̀, kò dá. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu géètì wa, ó fi ọ̀rá wé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Fìyìnfólúwa lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, ó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Poli. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó sì fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun ní gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yẹn, kó máa ya káàdì ìgbéyàwó àti pósítà òkú. Fìyìn ní rárá, òun fẹ́ fi ọwọ́ òun ṣiṣẹ́ fún Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ ìsinmi kan yẹn péré. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ o. Kí oṣù tó parí, wọn á ti lé ẹ padà wá bá mi."

Pásítọ̀ wa, Pásítọ̀ Ọdẹ́wọlé, kì í fọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ó ní kó wá máa yàwòrán ìkéde fún ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a máa ń ṣe lóṣù Kẹjọ. "Ọ̀sẹ̀ méjì la ó kọ́kọ́ fi wò ọ́," ló wí. "Bí ọ̀rọ̀ wa bá wọ̀, wàá dúró títí ìpàgọ́ á fi parí. Bí kò bá wọ̀, a ó fi àdúrà sìn ọ́ dé gáréèjì." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Tinú, mú un yí ilé ká. Fi gbogbo nǹkan hàn án."

Mo ní, "Ó dára, sà." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mo ní ó dára.

Àfi bíi pé ẹ̀gún wà lórí àga tí a fún ọmọ náà. Bó bá jókòó, á dìde. Iná ò sí, á jáde lọ wò ó bóyá ó ti dé. Iná dé, íńtánẹ́ẹ̀tì ò wọlé, á gbé fóònù sókè lábẹ́ igi máńgòrò, á máa wá ibi tó ti lè wọlé. Oúnjẹ ọ̀sán, ṣíbí mẹ́ta, ó ti yó. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ń dún létí ẹ̀, ó ń ka ọjọ́, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ ohun tí yóò yà gan-an fún un. Kí aago mẹ́wàá tó lù, á ti dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta.

"Àǹtí Tinú, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n máa ṣe?"

"Máa sinmi ná."

"Mi ò wá sinmi, mà."

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló tún dé. Mo wà láàárín orúkọ àwọn ọ̀dọ́ ọ̀ọ́dúnrún tó ń bọ̀ wá pàgọ́, ẹni tó fẹ́ yá wa ní mátírẹ́ẹ̀sì ti dalẹ̀, orí mi gbóná. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì.

"Àǹtí, Pásítọ̀ ní ẹ máa mú mi yí ilé ká. Mi ò tíì mọ nǹkan kan níbí."

Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, "Ṣebí o lójú? Lọ wò ó fúnra rẹ. Gbọ̀ngàn rèé, ilé ìdáná rèé, kànga rèé. Kí ló tún kù?"

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì lọ.

Ohun tó kù ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí, ẹ̀yin tí mi ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn wa, lápá òsì pẹpẹ, àpótí ìjókòó kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́. Àṣà wa ni pé bí ọmọ ìjọ kan bá rìnrìn àjò, tí ọdún yípo tí a kò gbúròó rẹ̀, ìyá rẹ̀ á gbé àpótí kan wá láti ilé, á fi ohun tí ọmọ náà wọ̀ rí sórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Bí arìnrìn-àjò bá dé, á wá jókòó lórí àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó jó yí i ká títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì rù ú lọ sílé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìròyìn ibi ló dé, àwọn àgbà ìjọ á gbé àpótí náà kúrò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wọlé, tó rí i pé ibẹ̀ ṣófo, ó ti mọ̀. A kì í béèrè, a kì í fi ẹnu sọ ọ́.

Àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, ti Ìyá Dúrójayé. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá náà sin kó tó bí Dúrójayé, òun nìkan ló sì dúró. Ọdún kẹfà nìyẹn tí ọmọ náà ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Fìlà rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ló wà lórí àpótí, eku ti jẹ etí rẹ̀ díẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá rẹ̀ á wá nu àpótí, á gbá abẹ́ rẹ̀, á gbọn fìlà, á tún un gbé síbẹ̀.

Fìyìn ò mọ ìkankan nínú èyí. Ó lójú lóòótọ́, ojú tó mú berebere. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí èrò tó wọlé, ó ya fọ́tò gbọ̀ngàn náà nígbà tí oòrùn òwúrọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, àwòrán náà sì dára títí kan ìlà tó là lára ògiri. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ yẹn nìkan ni kò bá a lára mu. Ó rò pé ẹni tó ń tún ilé ṣe ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, bí ìgò ọtí bá wà lẹ́yìn ìyàwó nínú fọ́tò, wọ́n á pa á rẹ́, inú oníbàárà á dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Ó fi kọ̀ǹpútà pa àpótí náà rẹ́ tòun ti fìlà, ó fi àwọ̀ sìmẹ́ńtì bo ojú ibẹ̀, ó sì ṣe é débi pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi. "Pásítọ̀ ní kí ẹ bá mi yẹ báńà ìpàgọ́ yìí wò kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé, mà."

Mo wà lórí fóònù pẹ̀lú onímátírẹ́ẹ̀sì, mò ń jà. Mo wo déètì. Mo wo orúkọ Pásítọ̀ bóyá ó kọ ọ́ pé. Mo ní, "Ó dára. Máa gbé e lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, báńà dé. Wọ́n gbé e kọ́ lẹ́nu géètì, ó fẹ̀ tó ògiri yàrá, ó ń tàn. Àwọn tó ń lọ sóko ń dúró wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé, Fìyìn jókòó, ó sì jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ rò pé Pásítọ̀ máa ní kí n dúró?" Mo ní, "Ta ló máa lé ẹ?"

Kò pẹ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ tí a gbọ́ ariwo kan láti ẹnu géètì. Ariwo yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ìyá Dúrójayé ló wá nu àpótí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí gbọ̀ngàn wa gbàǹgbà lójú báńà: pẹpẹ rèé, fèrèsé rèé, bẹ́ǹṣì tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó lé rèé, lápá òsì, sìmẹ́ńtì lásán. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀. Ó ń pe ọmọ rẹ̀, "Dúrójayé, Dúrójayé, mo ní kó o dúró, o ò gbọ́!" A sáré jáde. Ẹni tó bá ti wo báńà, òun náà á ké. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ṣí fìlà. A kì í béèrè, mo ti sọ fún yín. Èmi náà káwọ́ lérí, mo bú sẹ́kún. Èmi tí mo fọwọ́ sí i!

Fìyìn ń fà mí láṣọ. "Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Wọ́n ti gbé àpótí Dúrójayé kúrò."

"Àpótí wo?"

"Èyí tó ní fìlà lórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ!"

Ọmọ náà lọgun. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ìyá náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Mà, ó wà níbẹ̀! Ẹ má sunkún, ó wà níbẹ̀! Èmi ni mo pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, mo rò pé ó ń ba àwòrán jẹ́ ni. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó!" Ìyá náà ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ. Fìyìn fà á dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e, gbogbo wa sì tẹ̀ lé wọn wọ gbọ̀ngàn.

Àpótí wà níbẹ̀. Fìlà wà lórí rẹ̀, eruku ọ̀sẹ̀ kan ló wà lára rẹ̀. Ìyá Dúrójayé fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún, ó ní, "Láti ẹnu géètì dé ibí yìí, mo ti sin ọmọ mi tán."

Ibẹ̀ ni Pásítọ̀ bá wa. Wọ́n ti ròyìn fún un lọ́nà. Mi ò rí i kó bínú báyẹn rí. Ó ní, "Fìyìnfólúwa, ọ̀la ló yẹ kí n dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a tún fẹ́ wò mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lo fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yìí lárọ̀ lálẹ́. Lọ di ẹrù rẹ."

Fìyìn ò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń nu ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó ń nù ún, kò kúrò. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ló ń rò. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, ṣùgbọ́n mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn èrò.

"Ẹ dúró ná, Pásítọ̀," Ìyá Dúrójayé wí. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. "Lóòótọ́ ló ń kọjá. Lóòótọ́ ló rí i. Ohun tí kò rí, báwo ni ì bá ṣe pa á rẹ́? Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ta lẹ ní kó fi ilé hàn án?"

Mo bọ́ síwájú. Mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

"Kí lo wá fi hàn án?"

"Mo ní ó lójú, kó lọ wò ó fúnra rẹ̀." Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mo sì wo àwòrán náà kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Èmi ni mo ní ó dára."

 Ìyá náà ò jágbe mọ́ mi, ì bá sàn kó jágbe. "Tinúadé, àlejò lójú, kò fi ríran. Ìwọ onílé ńkọ́?"

 Pásítọ̀ mí kanlẹ̀, ó sì ní kí Fìyìn padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ò lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó mú àkísà lọ́wọ́ Ìyá Dúrójayé, ó kúnlẹ̀, ó nu àpótí náà láti òkè dé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ́. Ó wà lọ́dọ̀ wa títí ìpàgọ́ fi parí, òun ló sì ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Láti ìgbà náà, bí àlejò bá wọ ọgbà wa, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó lọ́wọ́ mi, mo máa ń dìde mú un lọ́wọ́, gbọ̀ngàn ni mo sì kọ́kọ́ ń mú un lọ. Bó bá sì pẹ́ kí n tó dìde, ó ti tó fún àwọn àgbà ìjọ wa láti wí pé, "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran". Apá ti onílé tó kù nínú òwe náà, wọn kì í parí rẹ̀ níwájú mi.