Ìdí Tí Ọrùn Mọ́nítọ̀ Fi Ń Tẹ̀

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Nígbà láéláé ni, nígbà tí ọrùn Mọ́nítọ̀ kò tíì ṣeé tẹ̀.

Mọ́nítọ̀ ni ojú tí kọ̀ǹpútà fi ń fi iṣẹ́ han ènìyàn. Irin gbọọrọ ni ọrùn rẹ̀ nígbà náà. Orí Tábìlì ló máa ń nàró sí, tí yóò tàn bí oòrùn ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó lè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù.

Iwájú rẹ̀ ni Bàbá Fátókí jókòó sí. Arúgbó yìí nìkan ló kù láyé tó mọ orúkọ gbogbo agboolé tó tẹ ìlú wọn dó. Ó ń tẹ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà ṣègbé.

Ṣùgbọ́n ojú ń dùn ún. Ó ń gbọ́rùn sókè, ó ń dijú, ó ń là á.

Mọ́ránkẹ́, ọmọ rẹ̀, wá wo iṣẹ́ náà.

“Bàbá, ẹ ti fo agboolé Onígbá.”

“Mo fò wọ́n kẹ̀?”

“Ẹ fò wọ́n. Ilé ìyá mi ni, Bàbá.”

Bàbá fi ọwọ́ nu ojú. Omi ń jáde lójú rẹ̀. “Mọ́ránkẹ́, n kò rí ohun tí mò ń tẹ̀ mọ́. Bí ojú yìí bá lọ, gbogbo wọn lọ nìyẹn.”

Àwọn méjèèjì jáde lọ bu omi tútù tí Bàbá yóò fi bọ́jú.

Ni Tábìlì bá sọ̀rọ̀. “Mọ́nítọ̀, ta ló kọ́ ẹ nílé?”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ọmọ àná lásán-làsàn! O nàró lórí àgbà, o tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn?”

“Ọ̀yàyà ni mo pè é. Mo rò pé bí ojú mi bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni inú rẹ̀ yóò ṣe dùn tó.”

“Inú ta ló dùn? O ò rí omi lójú rẹ̀ ni? Ìwọ tí o ò lè tẹríba, ìwọ lo fẹ́ gba orúkọ àwọn baba ńlá!”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mọ́nítọ̀ lára. Ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó mọ̀ pé irin tó bá fẹ́ tẹ̀ lè kán. Bí ọrùn rẹ̀ bá kán, òpin rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá padà jókòó, Mọ́nítọ̀ tẹríba. Ọrùn irin náà dún kẹ̀ẹ̀. Kò kán. Ó rọ̀ sílẹ̀ títí orí rẹ̀ fi bá ojú Bàbá dọ́gba.

“Ẹ foríjì mí, Bàbá. Ẹ fi ìka kàn mí lábẹ́ àgbọ̀n. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ mi mọ ni yóò mọ.”

Bàbá tẹ ìka mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìmọ́lẹ̀ náà rọ̀ bíi ti oòrùn àárọ̀. Ojú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìka rẹ̀ tẹ̀ kò sì parẹ́ mọ́; wọ́n di bọ́tìnnì.

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn Mọ́nítọ̀ ti ń tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú rẹ̀, tí àwọn bọ́tìnnì kéékèèké sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, tí a sì fi ń fi kún un.

Bàbá Fátókí fa àga mọ́ Tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ agboolé Onígbá.