Ọkọ̀ Pupa àti Ọkọ̀ Aláwọ̀ Eérú

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ ra ọkọ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, kò sì tíì di arúgbó. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ní ilé iṣẹ́ omi, níbi tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ jíìpù láti abúlé dé abúlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ní kí bàbá lọ yan ọkọ̀ kan, kí òun àti ìyá àwọn lè máa rí nǹkan wọ̀ jáde.

Mú ibi tí wọ́n ti sọ pé "òun àti ìyá àwọn" yẹn dání, nítorí ọkùnrin náà kò mú un dání.

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwà ló ti wá. Láràárọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, títí ìbàdí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àìsàn náà kò dá a dùbúlẹ̀, kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá fẹ́ jókòó, á kọ́kọ́ wá nǹkan dì mú. Bó bá fẹ́ dìde, á mí kanlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó rí i tó ń rá ẹsẹ̀ tábìlì mú kó lè kúnlẹ̀ kí òun, ó fà á dìde, ó ní, "Ìyá Fadérera, má kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Kí mi lórí ìdúró, ó tó." Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn aya rẹ̀. Ká ní ìkà ni, n kì bá tí da ara mi láàmú sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ.

Obìnrin yìí ní ìyá láyé. Màmá ti dàgbà gan-an, ó ń gbé ní ìlú kan lẹ́yìn òkè, ọ̀nà ibẹ̀ sì jẹ́ kìkì ìgun àti kòtò. Ọkọ̀ èrò tó ń ná ọ̀nà yẹn, ẹni mẹ́rin ni wọ́n ń kì mọ́ àga ẹni mẹ́ta, ìbàdí tó ń dunni kò sì lè gba irú rẹ̀. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ọkọ̀, orí fóònù ló sáré lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ máa retí mi o. Màá máa wá wò yín dáadáa báyìí." Òun fúnra rẹ̀ kò fi ọkọ̀ náà ṣe ohun mìíràn lọ́kàn. Kó ṣáà lè máa rí ìyá rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Tọkọtaya jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Méjì ló wà níbẹ̀ tí agbára wọn ká, iye kan náà ni wọ́n sì pe méjèèjì. Ọ̀kan gùn, ó jẹ́ aláwọ̀ eérú, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí jíà ara rẹ̀. Àga rẹ̀ ga, ó fẹ̀, ó sì rọ̀. Èkejì kúrú, ó pupa fòò, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ fò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí jíà tirẹ̀, eré sísá ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Obìnrin náà wọ ọkọ̀ aláwọ̀ eérú wò. Kò di nǹkan kan mú. Ó kàn yí ìdí sí àga, ó fa ẹsẹ̀ wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì di ojú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àga yìí mà dára." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́nu irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ púpọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò gbọ́. Ó ti wà nínú ọkọ̀ pupa.

Bó ti di ọ̀pá jíà mú báyìí, ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ rántí iṣẹ́. Ó rántí ọ̀nà abúlé, ó rántí ìgbà tí kò sí òkè tí jíìpù rẹ̀ kò lè gùn, tí àwọn èèyàn ń gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè tí wọ́n ń sọ pé ọ̀gá olómi ti dé. Ó wa ọkọ̀ náà yí ọgbà po. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ẹni tó ń tà á wá tún dá kún un. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ ọ̀dọ́ lèyí o." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń dìde fún un lórí àga, tí wọ́n ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń kí i bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ ayé. Ó ti sú u dé góńgó. Ó fẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ìró òun lókèèrè.

Síbẹ̀, ó bi ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ pupa, ó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, "Ìyá Fadérera, nínú méjèèjì yìí, èwo lo fẹ́ ká rà?"

Obìnrin náà wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rí irú ẹ̀rín yẹn lójú náà. Ó ní, "Èyí tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn náà ni, Bàbá Fadérera."

Ìwọ náà mọ ohun tí ìdáhùn yẹn jẹ́, ọmọ ilé wa ni ọ́. Bí àlejò bá wọlé, tí o ní kó wá jẹun, tó ní òun ti yó, ṣé o máa ń gbé oúnjẹ pa mọ́ lójú ẹsẹ̀? O kì í gbé e pa mọ́. Wàá tún un sọ. Ìgbà tí o bá tún un sọ ló máa tó ṣan ọwọ́. Bákan náà ni wọ́n ṣe tọ́ obìnrin náà. Ọkọ fi ọ̀rọ̀ lọ aya rẹ̀, aya fi ọ̀wọ̀ dá a padà fún un, ó wá ń dúró kí ọkọ tún bi òun, kó tó sọ tinú rẹ̀. Ó dúró. Ọkọ rẹ̀ kò tún bi í. Ó yíjú sí ẹni tó ń tajà, ó ní, "O gbọ́? Ìyàwó mi ti fọwọ́ sí i."

Bí wọ́n ṣe gbé ọkọ̀ pupa wálé nìyẹn. Wọ́n gbàdúrà sí i, àwọn ará àdúgbò wá bá wọn yọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá yin ọkọ̀ náà, ọkùnrin yìí á ní, "Ìyá Fadérera ló yàn án." Á sì wo ìyàwó rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Kò purọ́ lójú ara rẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ fún ọ bí obìnrin náà ṣe ń wọ ọkọ̀ yẹn. Á di òrùlé rẹ̀ mú, á tẹ̀ ba, á wá já ara rẹ̀ lulẹ̀ sórí àga. Ìyẹn ṣì sàn. Tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àga náà ti rì jù, kò sí bó ṣe lè gbé ara rẹ̀ dìde níbẹ̀. Ṣe ló máa yí sí ẹ̀gbẹ́, á fi orúnkún kan gún ilẹ̀, á fi èkejì tì í, á wá fi ilẹ̀kùn fa ara rẹ̀ dìde. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Níwájú ilé àna. Níbikíbi tí ọkọ̀ bá dúró sí. Ọkọ rẹ̀ tó ti ní kó má kúnlẹ̀ fún òun mọ́ yóò wà ní iwájú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, yóò máa ṣàlàyé ẹnjíìnì fún àwọn tó ń wò ó. Bó bá padà wo ẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ti dúró, ó ń gbọn eruku kúrò ní ibi orúnkún ìró rẹ̀. Ó rí eruku yẹn láìmọye ìgbà. Kò bèèrè ibi tó ti wá.

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ màmá lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà gbádùn ọ̀nà yẹn. Ó ń yí jíà bó ti ń gun òkè, ó ń yọ̀ mọ́ gbogbo kọ́nà. Kòtò kọ̀ọ̀kan tí táyà bá bọ́ sí, inú ìbàdí aya rẹ̀ ló ń dé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ rí ẹnì kan nígboro, ó fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀. Obìnrin náà kò lè jókòó. Orí ibùsùn ìyá rẹ̀ ló wà títí wọ́n fi fẹ́ máa lọ, màmá arúgbó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ìbàdí fún un. Ọmọ tó wá tọ́jú ìyá, ìyá ló tọ́jú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ rẹ̀ bá ní kí àwọn lọ wo màmá, á ní, "Ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn." Bí màmá bá pè é, á ní, "A ó wá, màmá." Ọkọ rẹ̀ rò pé ọ̀nà ló ń sú u. Ó tilẹ̀ bá a wí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ìyá tìẹ ni o, kì í ṣe tèmi." Obìnrin náà ní kó má bínú. O lè máa rò ó pé kí ló dé tí kò fi la ẹnu. Ẹni tí wọ́n ń sọ kiri pé òun ló yan nǹkan, níbo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Báwo ló sì ṣe fẹ́ gba ayọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀? Ó gbé e mì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màmá kú.

Àbúrò obìnrin náà ló wá fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wọn lọ síbi ìsìnkú. Ọkọ̀ tó ga ni, àga rẹ̀ sì rọ̀. Obìnrin náà wọ ẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Kí wọ́n tó kúrò nígboro, oorun ti gbé e lọ. Ó sùn la gbogbo kòtò yẹn já, ojú rẹ̀ tòrò. Ọkùnrin náà ń wò ó. Ó ti gbàgbé pé ojú ìyàwó òun lè tòrò nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀, ó sì dìde. Ọkọ rẹ̀ wo ìró dúdú tó wà nídìí rẹ̀. Kò sí eruku níbi orúnkún.

Wọ́n wọ yàrá màmá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, àga onígi tuntun kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti àga yòókù lọ, wọ́n fi tìmùtìmù tó nípọn sórí rẹ̀. Ọkùnrin náà bèèrè pé ta ló ni ín. Obìnrin tó ń tọ́jú màmá dá a lóhùn. Ó ní, "Màmá ló ní kí káfíńtà kàn án, lẹ́yìn ìgbà tí ẹ wá yẹn. Wọ́n ní ìbàdí ọmọ àwọn kò gba àga tó bá lọ sílẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Wọ́n ní ẹ ń bọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga náà. Ó bá a mu wẹ́kú. Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò pariwo.

Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀. Gbogbo eruku tó ti rí lára ìró náà padà wá síwájú rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ìyàwó rẹ̀ kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan lẹ bi mí, Bàbá Fadérera."

Ọkùnrin náà ta ọkọ̀ pupa kí oṣù tó parí. Ó ra èyí tó ga, tó rọ̀, tó ń yí jíà fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìyàwó rẹ̀ nísinsìnyí, obìnrin náà sì ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi gbogbo ni wọ́n ń lọ. Tí wọ́n bá dé oríta tí ọ̀nà òkè yẹn ti yà, àwọn méjèèjì a máa dákẹ́.

Ìwọ náà wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní kí n gbàdúrà sí iṣẹ́ tuntun tí o rí ní ìlú òkèèrè, tí o fẹ́ kó aya rẹ lọ. Mo bi ọ́ bóyá o ti bi í. O rẹ́rìn-ín, o ní o ti bi í, ó sì ní èyí tó bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn náà ni. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi rántí ìtàn yìí. N kò ní gbàdúrà náà lónìí. Padà sílé. Má gbé lẹ́tà iṣẹ́ náà dání nígbà tí o bá ń bá a sọ̀rọ̀. Tún un bi. Kí o sì dákẹ́ títí yóò fi dá ọ lóhùn, bó ti wù kó pẹ́ tó.