Bí Ọ̀kùn Ṣe Fi Ojú Pààrọ̀ Ẹsẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú igbó. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti Orí-Àpáta, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìdí igi àràbà kan kọjá, ó sì parí sí Etídò. Erin ń gbà á, èkúté ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mumi, ibẹ̀ náà ni yóò gbà.

Ọ̀kùn ló ń bójú tó ọ̀nà yìí. Ẹ má wo bó ṣe rí lónìí. Nígbà náà, ó kúrú bí èkùrọ́, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló ní bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì tóbi, ó mọ́ gaara.

Bí ọyẹ́ bá ti ń parí lọ, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀kùn yóò gbé àpò kọ́ ọrùn, yóò rin ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní gbogbo ogún ìṣísẹ̀, yóò dúró. Yóò ju òkúta funfun kan sínú àpò fún kòtò kọ̀ọ̀kan tó bá rí níbẹ̀. Yóò ju dúdú kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ti ṣubú níbẹ̀ láàárín ọdún. Yóò sì ju pupa kan fún apẹ̀rẹ̀ yangí kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò fi tún un ṣe. Yóò fi ewé di ti ibùdúró kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Bó bá délé, yóò to àwọn òkúta náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọdún tó ti kọjá, yóò jókòó tì wọ́n, yóò sì máa wò wọ́n. Ibi tí ó ní kòtò kan lọ́dún kìíní, tí ó di mẹ́ta lọ́dún kejì, Ọ̀kùn mọ̀ pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án lọ́dún kẹta bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ Erin ti ń wúwo jù. Ó mọ ibi tí omi máa ń dúró sí. Kí ilẹ̀ tó ya, Ọ̀kùn ti mọ ibi tí yóò ti ya.

Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sọ́dọ̀ Ẹfọ̀n, olórí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, yóò sọ iye apẹ̀rẹ̀ yangí àti iye ìtì igi tí ọdún náà yóò gbà. Àwọn ẹranko yóò pín in láàárín ara wọn, wọn yóò sì máa kùn.

"Ọgọ́ta apẹ̀rẹ̀! Ìyá yìí fẹ́ fi yangí pa wá!"

"Ọ̀nà tí mo gbà lánàá tí n kò ṣubú, kí ló tún ń ṣe é?"

Kò sẹ́ni tó rántí pé nítorí yangí ọdún tó kọjá ni òun kò fi ṣubú.

Báyìí ni Ọ̀kùn ṣe é fún ọdún mọ́kànlélógún, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó sùn, àárẹ̀ náà kò lọ. Ó jókòó, kò lọ. Ó wù ú láti sọ fún Ẹfọ̀n pé kó wá ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà kí ó tó kàn án, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì ṣe é ṣáájú. Nínú wọn, kò sí èyí tó bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kùn náà pa ẹnu mọ́.

Ní ọdún kejìlélógún, ó rìn láti Orí-Àpáta títí dé ìdí àràbà, níbi tí ọ̀nà ti dé ìdajì gẹ́lẹ́. Oòrùn ti gun òkè orí. Orúnkún rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ro ó. Ó jókòó. Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀, wà níbẹ̀ tó ń jẹ ìrèké.

"Ìyá Ọ̀kùn, ẹ kú ìrìn o! Ẹ tún ti dé?"

"Mo tún ti dé."

"Ẹ̀yin àti ọ̀nà yìí ṣá! Bí ẹni pé òun ló fẹ́ yín sílé."

"Bó bá jẹ́ òun ló fẹ́ mi ni, ǹ bá ti kọ̀ ọ́ tipẹ́."

Ọ̀yà rẹ́rìn-ín títí ìrèké fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e padà, ó nu erùpẹ̀ ara rẹ̀.

"Kí lẹ ti rí?"

"Kòtò mẹ́fà. Ẹni méjì ló ṣubú. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ni yóò gbà."

"Ìdajì ọ̀nà sì nìyí. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kí ẹ máa lọ sílé! Ṣé ọ̀nà kan náà kọ́ ni? Ẹni tó fẹ́ mọ bí iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe tó, ṣé ó máa ń jẹ ìkòkò tán ni?"

Ọ̀kùn dìde. Ó fi ojú ńlá rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Koríko tútù ti bo ọ̀nà náà, ó ń dán nínú oòrùn. Ọ̀kùn mọ̀ pé àpáta ló wà lábẹ́ òkè, àbàtà ló sì wà lábẹ́ ìsàlẹ̀. Òkúta ọdún mọ́kànlélógún wà nílé tó lè sọ fún un pé ìsàlẹ̀ máa ń gba yangí ju òkè lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ronú kan ilé.

"Ó tẹ́jú," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bí ẹní!" Ọ̀yà dá a lóhùn.

Ọ̀kùn yí padà, ó lọ sílé.

Nígbà tí àwọn ẹranko péjọ, ó dìde dúró. "Ogún apẹ̀rẹ̀ yangí," ó ní. "Ìtì igi méjì."

Ẹfọ̀n na ọrùn síwájú.

"Ìyá àgbà, ogún? Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Mo fi ojú mi rí i."

Òótọ́ ni. Ojú nìkan ló sì fi rí i.

Ni ariwo ayọ̀ bá sọ. Wọ́n gbé Ọ̀kùn sókè, wọ́n ń pè é ní ìyá dáadáa. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi ọjọ́ méje ṣe, ọjọ́ kan ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, kò sí nǹkan. Ìkejì rọ̀. Ní ọjọ́ kejì òjò kẹta, Ẹtu mú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ń lọ mumi ní Etídò. Ọmọ náà ń sáré níwájú. Àfi bí koríko ṣe là lábẹ́ rẹ̀, tí ilẹ̀ gbé e mì dé ọrùn.

Ẹtu fi igbe bọnu. Ẹfọ̀n sáré dé, ó ti ìwo rẹ̀ bọ ẹrẹ̀, ó fa ọmọ náà jáde. Ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti ṣẹ́ sínú àbàtà. Ihò tí ogójì apẹ̀rẹ̀ ìbá ti dí kó tó ya, wọ́n da ọgọ́rùn-ún sí i lọ́jọ́ náà, kò kún.

Ọ̀kùn rọra sọ̀ kalẹ̀ wá. Àwọn ẹranko là fún un kọjá. Ẹtu kò pariwo mọ́ ọn.

"Ìyá Ọ̀kùn, ibi tí a dúró sí yìí, ìṣísẹ̀ mélòó lẹ rìn níbẹ̀ lọ́dún yìí?"

"N kò rin ẹyọ kan."

Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan kiri nínú koríko.

"Ìdajì òkè ni mo rìn," Ọ̀kùn ní. "Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, mo sì pè é ní ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ̀ yín, ẹ kò sì sọ?" Ẹfọ̀n bi í.

"Ta ni ǹ bá sọ fún? Nígbà tí mo ní ọgọ́ta, ẹ ní mo fẹ́ pa yín. Nígbà tí mo ní ogún, ẹ gbé mi sókè."

Omi òjò ń kán láti ara ewé. Ẹfọ̀n wo ẹsẹ̀ Ọ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ẹsẹ̀ mẹ́fà kò tó fún ọ̀nà yìí. Gbogbo wa là ń gbà á, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbogbo wa máa wọ̀n ọ́n."

Láyé ìgbà náà, ẹranko lè yọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ya àgbàdo. Ẹfọ̀n yọ méjì, ó gbé e sílẹ̀ níwájú Ọ̀kùn. Erin yọ méjì. Ọ̀yà yọ méjì kíákíá, kò gbójú sókè. Àwọn ẹyẹ yọ mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ní ìyẹ́ tó àwọn.

Ejò kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. "Ẹ kó o lọ jàre," ó ní. "Àyà ni mo fi ń wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ìdíwọ́ lásán ni wọ́n ń ṣe fún mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àní Ẹfọ̀n náà.

Ẹtu yọ méjì tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo ọmọ rẹ̀, ó mi orí. "Ọmọ tèmi ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀."

Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kan Ọ̀kùn lára, ó ń di tín-ínrín bí òwú, ara Ọ̀kùn sì ń gùn sí i kí ó lè gbà á. Nígbà tí wọ́n parí, ó pe ọmọ Ẹtu.

"Wá, ọmọ mi. Ojú mi ló sọ fún mi pé ilẹ̀ tẹ́jú. N kò fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Gbà á, kí o máa fi rí ewu kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Ó yọ ojú méjèèjì, ó fi wọ́n fún un.

"Báwo lẹ ó ṣe wá mọ ọ̀nà?" Ẹtu bi í.

"N óò máa tẹ̀ ẹ́," Ọ̀kùn dáhùn. Ó tẹrí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ náà ti rì.

Láti ọjọ́ náà ni ẹran igbó ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, tí ẹyẹ ń fi méjì dúró, tí ejò kò ní rárá, tí ojú ẹtu sì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kùn kò ti ríran mọ́, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tí kò lóǹkà tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kì í fo ibi tó tó ìbú ìka. Bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, tó ká jọ, tó dákẹ́, ẹ má rò pé ẹ̀rù yín ló ń bà á. Ó rò pé wọ́n tún ti rán ẹnìkan wá béèrè bí ọ̀nà ṣe rí ni, òun kò sì tíì rìn ín parí.