Alàgbà Tí Ohùn Rẹ̀ Há

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ alàgbà ìjọ ní abúlé kan. Òun ni ó máa ń ka orin sókè ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí àwọn tí kò mọ̀wé lè rí i kọ. Báyìí náà ni ó ṣe ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìwé kíkà nílé: bàbá á kà, ọmọ á wí tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ọmọ ń ka ìwé náà geerege, inú bàbá sì ń dùn ṣìnkìn.

Àfi bí olùkọ́ ṣe ránṣẹ́ pè é. Ó ní bí ọmọ náà kò bá lè dá ìwé kà kí ìdánwò tó dé, yóò tún kíláàsì rẹ̀ ṣe. Bàbá yarí pé irọ́ ni, ó ní kí ọmọ kà á kí wọ́n gbọ́. Bí ó ti ń kà, olùkọ́ rọra ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Ọmọ ń ka ti àkọ́kọ́ lọ ràì. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí! Ojú ti alàgbà wa.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, orin tó ń fi igbe kà níbi ìsọjí ìjọ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Nírọ̀lẹ́, ọmọ gbé ìwé wá, ó ń retí kí bàbá kọ́kọ́ kà. Bàbá fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó sì ń wò ó. Ọmọ pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ṣì í pè, ó tún un pè. Ẹnu ń yún bàbá, ṣùgbọ́n kò sí ohùn.

“Àgbàdo!” ni ọmọ pariwo. “Bàámi, àgbàdo ni wọ́n kọ síbẹ̀!”

Omi bọ́ lójú bàbá. Kódà nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ìka ni ó ń lò. Ọmọ yege, bàbá sì dìde láàárín ìjọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ̀fun tó dùn ún. Ẹ̀rín pa gbogbo ènìyàn.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ń jókòó ti ọmọ yín nídìí ìwé rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í jókòó rárá. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọ̀rọ̀ tó le, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè bá a pè é. Ẹ ní sùúrù fún un díẹ̀. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ kà, títí láé ni yóò mọ̀ ọ́n kà.